Iye Omi Tó Wà Nínú Bésímẹ́ǹtì Tí Àgbàrá Wọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, fóònù mi kì í sinmi. Àwọn ènìyàn wa ní Maryland, ní New Jersey, ní London, títí kan àwọn tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́lẹ̀ ní Victoria Island, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó. Bésímẹ́ǹtì ni mo máa pe yàrá abẹ́lẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é.

Kí ló dé tí mo fi gbọ́dọ̀ mọ iye omi náà? Ṣé kí n má kàn fà á dànù ni?

Nítorí pé omi wúwo ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Ẹ wo àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Kúbíìkì mítà kan nìyẹn. Lítà 1,000 ló ń gbà, omi inú rẹ̀ sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Yàrá tí omi inú rẹ̀ kò ju orúnkún lọ lè ní tọ́ọ̀nù 28 nínú.

Iye yẹn ló máa sọ irú pọ́ǹpù tí ẹ máa yá, iye wákàtí tó máa fi ṣiṣẹ́, epo tí jẹnẹrétọ̀ máa jẹ, àti ibi tí ẹ lè da omi sí tí kò fi ní padà wọlé tọ̀ yín. Òun náà ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá owó tí ẹni tó fẹ́ bá yín fà á ń pè bá iṣẹ́ mu. Mo mọ ẹnì kan tó san owó omi táńkà márùn-ún, omi inú ilé rẹ̀ kò sì kún táńkà méjì.

Ṣé kí n wọ inú omi náà lọ wọ̀n ọ́n báyìí?

Rárá o, ẹ dúró ná. Bí omi bá ti kan sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀rọ tó wà lórí iná, iná lè wà nínú omi náà, ojú kò sì ní rí i. Bí ibi tí ẹ ti ń pa iná gbogbo ilé bá wà nínú bésímẹ́ǹtì yẹn gan-an, ẹ má fi ẹsẹ̀ bọ omi nítorí àtilọ pa á. Ẹ pe iléeṣẹ́ iná kí wọ́n já a láti ìta. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì kankan. Ẹ kó àwọn ará ilé jáde kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìdẹ́rùbani. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí ìyókù ìjì Ida dé New York, ènìyàn 13 ló kú ní ìlú náà. Mọ́kànlá nínú wọn, inú bésímẹ́ǹtì ni ikú ká wọn mọ́, àdúgbò Queens sì ni èyí tó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò sọ ìdí kan tí kò fi rọrùn láti sá jáde. Omi tó ga ní 60 sẹ̀ǹtímítà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní 90 sẹ̀ǹtímítà ń ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo 160 kílò. Géńdé ọkùnrin kò lè dá a ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn ní bésímẹ́ǹtì, mo bẹ̀ yín, nígbà tí omi bá ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ gòkè. Ẹ fi ẹrù sílẹ̀.

Kí ni mo nílò láti fi wọ̀n ọ́n?

Téèpù, ọ̀pá gígùn kan tí kì í ṣe irin, ṣọ́ọ̀kì tàbí máákà tí omi kì í pa rẹ́, àti ìwé. Fóònù yín yóò ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá ní pílánù ilé, ẹ wá a jáde, nítorí gígùn àti ìbú yàrá ti wà níbẹ̀, ẹ kò ní láti wọlé rárá.

Báwo wá ni ìṣirò rẹ̀ ṣe ń lọ?

Gígùn lọ́nà ìbú lọ́nà jíjìn omi. Gbogbo ìyókù tó wà nínú ojú ìwé yìí, orí èyí ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan tó gùn ní mítà 9, tó fẹ̀ ní mítà 7, tí omi inú rẹ̀ jìn ní 45 sẹ̀ǹtímítà. 9 × 7 × 0.45 = 28.35. Kúbíìkì mítà 28.35 nìyẹn, ìyẹn lítà 28,350. Bí ẹ bá fẹ́ fojú inú rí i, yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní 1,134, tàbí dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 bí 142. Táńkà omi onílítà 10,000, ó kù díẹ̀ kó pé mẹ́ta.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé ènìyàn á fi mítà wọn gígùn àti ìbú, á wá fi sẹ̀ǹtímítà wọn jíjìn, á sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀. 9 × 7 × 45 á fún un ní 2,835, èyí tó fi ìlọ́po 100 ju òtítọ́ lọ. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ sọ sẹ̀ǹtímítà di mítà: 45 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ mítà 0.45, 8 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ mítà 0.08.

Àbùjá kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹ wá iye lítà tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo nínú yàrá yín. Fún yàrá òkè yìí, 9 × 7 × 0.01 jẹ́ 0.63, ìyẹn lítà 630. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Láti ìsinsìnyí lọ, bí omi bá gòkè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí tó bá fà ní márùn-ún, ẹ ti mọ iye rẹ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbogbo ìṣirò ṣe.

Báwo ni mo ṣe lè mọ jíjìn omi láìfi ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́?

Àtẹ̀gùn ni mo máa ń lò. Ẹ wọn gíga ìgbésẹ̀ kan tó ṣì gbẹ, ká ní ó jẹ́ 18 sẹ̀ǹtímítà. Bí àtẹ̀gùn yín bá ní ìgbésẹ̀ 14, gíga rẹ̀ látòkè dé ilẹ̀ jẹ́ 252. Ẹ wá ka èyí tó gbẹ: ká ní ìgbésẹ̀ 11 ló gbẹ, omi sì mu ìkejìlá dé ìdajì, gbígbẹ rẹ̀ jẹ́ 198 + 9, ìyẹn 207. Ẹ yọ 207 kúrò nínú 252, ó ku 45. Jíjìn omi nìyẹn. Ẹ wọn ju ìgbésẹ̀ kan lọ, nítorí iṣẹ́ àwọn káfíńtà kan kì í dọ́gba.

Búlọ́ọ̀kù náà ń sọ̀rọ̀. Búlọ́ọ̀kù tiwa ní Nàìjíríà ga ní 22.5 sẹ̀ǹtímítà, bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì àárín kún un, ìlà kan sún mọ́ 25. Ní Amẹ́ríkà, ìlà búlọ́ọ̀kù kan pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 8. Bí wọn kò bá tíì rẹ́ ògiri, ẹ ka ìlà tó wà lókè omi, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìlà tó wà.

Ẹsẹ̀ bàtà àti ìǹṣì ni wọ́n ń lò níbi tí mo wà, gálọ́ọ̀nù sì ni ẹni tó ni pọ́ǹpù ń sọ. Báwo ni mo ṣe máa yí i?

Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà wọn gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì pín ìǹṣì sí 12 kí ó lè di ẹsẹ̀ bàtà. Yàrá tó jẹ́ 30 lọ́nà 24, tí omi inú rẹ̀ jìn ní ìǹṣì 18, yóò jẹ́ 30 × 24 × 1.5 = 1,080. Kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 7.48, nítorí náà omi yín tó gálọ́ọ̀nù 8,078. Ní lítà, nǹkan bí 30,580.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ gálọ́ọ̀nù. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Britain jẹ́ lítà 4.546, èyí tí a sì fi ń ra epo pupa nílé jẹ́ lítà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ẹ̀gbọ́n yín ní London bá sọ fún yín ní Baltimore pé pọ́ǹpù òun ń fa 1,000 gálọ́ọ̀nù, ẹ bi í léèrè pé èwo. Lítà ni mo máa ń fi báni sọ̀rọ̀, kò sí ìjà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ bésímẹ́ǹtì mi kò tẹ́jú. Jíjìn wo ni kí n lò?

Ilẹ̀ bésímẹ́ǹtì kì í sábà tẹ́jú, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ibi tí omi yóò gbà lọ. Ẹ wọn jíjìn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin. Bí igun kan bá jẹ́ 38, èkejì 44, ẹ̀kẹta 52, ẹ̀kẹrin 46, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, 45 ló kù. Tí ẹ bá ti lo igun tó jìn jù nìkan, ẹ̀ bá ti fi ohun tó ju lítà 4,000 kún un lásán.

Bí ilẹ̀ bá ṣe kòtò sí àárín, igun nìkan kò tó. Ẹ wọn ibi mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pín àpapọ̀ sí mẹ́sàn-án.

Nígbà mìíràn omi kò kárí yàrá: apá kan gbẹ, apá kejì jìn. Ká ní omi gba mítà 5 nínú gígùn yàrá, láti òdo ní ẹ̀gbẹ́ kan títí dé 20 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìdajì 20 ni jíjìn rẹ̀. 5 × 7 × 0.10 = 3.5. Lítà 3,500.

Yàrá mi kì í ṣe onígun mẹ́rin gbọọrọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gé e sí onígun mẹ́rin méjì tàbí mẹ́ta lórí ìwé, ẹ ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ro ó pọ̀. Ohun tó bá rí róbótó, bíi táǹkì abẹ́lẹ̀ àtijọ́, ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ ni ẹ máa fi lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ tó fi lọ́nà 3.14 àti jíjìn. Táǹkì tó fẹ̀ ní mítà 2, tí omi rẹ̀ jìn ní 1.5: 3.14 × 1 × 1 × 1.5 = 4.71, lítà 4,710.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ yọ ẹrù tó wà nínú omi?

Ó dá lórí irú ẹrù. Ohun tó dúró sílẹ̀ tí omi kò sì lè wọ inú rẹ̀ ń gba àyè omi, nítorí náà ẹ yọ apá rẹ̀ tó wà lábẹ́ omi. Ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, tó fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà nínú omi tó jìn ní 45, yóò jẹ́ 3.14 × 0.25 × 0.25 × 0.45, nǹkan bí lítà 88. Ohun tó bá léfòó yàtọ̀: ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń tì lọ nínú omi. Fírísà tó wúwo ní 70 kílò tó ń léfòó, lítà 70 ló gba ipò rẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó.

Àga onífóòmù, kápẹ́ẹ̀tì, páálí àti aṣọ ti mu omi yó. Omi yẹn ṣì wà nínú ilé yín, ẹ má yọ ọ́. Búlọ́ọ̀kù oníhò náà kì í sábà dá omi dúró, inú rẹ̀ ń kún.

Èrò tèmi ni pé bí gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ yọ kò bá tó lítà márùn-ún nínú 100, ẹ má fi ara yín ṣe wàhálà. Àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà méjì lórí jíjìn ju gbogbo fírísà ilé lọ.

A kì í kọ́ bésímẹ́ǹtì púpọ̀ ní ilé wa ní Nàìjíríà. Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Ìlú olókè ni, ilé púpọ̀ sì wà níbẹ̀ tí yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju títì lọ. Lójú omi, bésímẹ́ǹtì ni. Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ àgbàrá odò Ògùnpa ti ọdún 1980, àwa tí a kéré jù wọ́n lọ sì rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Omi yalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù: ìṣirò kan náà ló bá gbogbo rẹ̀ mu, yálà ṣọ́ọ̀bù ni, yálà sókàwéè ni, yálà yàrá tí wọ́n mọ odi yí ká.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́lẹ̀ wa ní Èkó ni omi kún. Ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà sọ̀kalẹ̀ àti àwọn òpó ńkọ́?

Ẹ mú un ní mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú: 24 × 18, omi 60 sẹ̀ǹtímítà, kúbíìkì mítà 259.2. Ìkejì, ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà sọ̀kalẹ̀: omi gùn ún dé mítà 4, ọ̀nà náà fẹ̀ ní mítà 4, jíjìn rẹ̀ ń dínkù láti 60 títí dé òdo. Ìdajì ni ẹ máa mú: 4 × 4 × 0.60, pín sí méjì, 4.8. Ìkẹta, òpó 12 tó jẹ́ 40 lọ́nà 40 sẹ̀ǹtímítà: 0.4 × 0.4 × 0.6 × 12, nǹkan bí 1.15. Ẹ ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, ẹ yọ ti òpó: 262.85. Táńkà onílítà 10,000 tó lé ní 26.

Ẹ má yọ mọ́tò. Omi ti wọ inú rẹ̀, èyí tí irin àti táyà gbà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró láàrin mọ́tò méjì nínú omi tó ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè gbé mọ́tò kúrò nílẹ̀, kí ó sì fi há ènìyàn mọ́ ògiri.

Wákàtí mélòó ni pọ́ǹpù mi máa fi fà á tán?

Ẹ pín iye omi sí iye tí pọ́ǹpù ń fà ní wákàtí kan. Ẹ má gba iye tó wà lára páálí pọ́ǹpù gbọ́. Wọ́n wọn ìyẹn nígbà tí pọ́ǹpù kò ti omi gòkè rárá. Tiyín yóò tì í gba àtẹ̀gùn kọjá, agbára rẹ̀ a dínkù bí omi ṣe ń ga sí i nínú ọ̀sì, ìyẹn rọ́bà gígùn tí omi ń gbà jáde.

Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ gbé garawa onílítà 20 sí ẹnu ọ̀sì níbi tí yóò ti tú omi jáde, ẹ wo aago. Bó bá kún láàrin ìṣẹ́jú àáyá 10, lítà 120 ni ní ìṣẹ́jú kan, lítà 7,200 ní wákàtí. Omi lítà 28,350 yóò gba wákàtí mẹ́rin ó dín díẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ tó bá ń gbé pọ́ǹpù náà, ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe inú bésímẹ́ǹtì, kì í ṣe gáréèjì tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáìdì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú.

Mò ń fà á, ṣùgbọ́n omi ṣì ń wọlé. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò ìyẹn?

Ẹ pa pọ́ǹpù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi wà kí ẹ tó pa á, ẹ sàmì sí ibi tó dé lẹ́yìn náà. Bó bá gòkè ní sẹ̀ǹtímítà méjì nínú yàrá wa yẹn tí sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ lítà 630, lítà 1,260 ló wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 2,520 ní wákàtí kan.

Pọ́ǹpù ń kó 7,200 jáde, ilẹ̀ ń dá 2,520 padà, nítorí náà 4,680 péré ni ẹ ń jèrè ní wákàtí kan. 28,350 pín sí 4,680 jẹ́ wákàtí mẹ́fà. Bí ohun tó ń wọlé bá tó ohun tí pọ́ǹpù ń kó jáde, epo lásán ni ẹ ń sun. Ẹ dúró kí ilẹ̀ ìta fà á mu.

Ṣé kí n fa gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà kí ara lè tù mí?

Ìbéèrè tó ń dùn mí jù nìyí, nítorí mo ti rí ilé tí omi kò bàjẹ́ tó bí pọ́ǹpù ṣe bà á jẹ́. Omi méjì ló ń ti ògiri bésímẹ́ǹtì. Ilẹ̀ ìta tó ti mu òjò yó ń tì í wọlé, omi inú yàrá ń tì í padà síta. Wọ́n dà bí ènìyàn méjì tó fẹ̀yìn ti ara wọn: bí ọ̀kan bá yẹra lójijì, èkejì á ṣubú.

Ẹ wo bó ṣe pọ̀ tó. Bí omi inú ilẹ̀ ìta bá ga ní mítà 1.2 ju ilẹ̀ bésímẹ́ǹtì lọ, ó ń ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn ògiri pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo 720 kílò. Ògiri tó gùn ní mítà 9 ń gba tọ́ọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀, a kò sì tíì ka ìwúwo iyẹ̀pẹ̀ tútù mọ́ ọn. Omi kan náà ń ti ilẹ̀ yàrá gòkè láti abẹ́: tọ́ọ̀nù 1.2 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 76 lórí gbogbo yàrá wa. Ìdí nìyẹn tí kọnkéré fi ń wú sókè tó sì ń sán lẹ́yìn tí omi ti lọ. Ní erékùṣù Èkó, níbi tí ènìyàn ti lè gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ kó kan omi, ẹ fi èyí sọ́kàn ju ibikíbi lọ.

Ìmọ̀ràn FEMA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àjálù, nìyí: ẹ jẹ́ kí omi ìta lọ ná. Lẹ́yìn náà ẹ fa ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ sàmì sí ògiri, ẹ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi sì ti gun àmì náà kọjá, kò tíì yá. Ẹ dúró fún wákàtí 24 kí ẹ tó tún gbìyànjú. Bí kò bá gòkè mọ́, ẹ fa ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta sí i, ẹ tún sùn kí ẹ tó fà sí i. Nínú yàrá wa, 30 sẹ̀ǹtímítà ọjọ́ kìíní jẹ́ lítà 18,900, iṣẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀ àti díẹ̀; lítà 9,450 yóò kù fún ọjọ́ kejì.

Bó bá jẹ́ páìpù inú ilé ló bẹ́, tí òjò kò rọ̀, tí ilẹ̀ ìta sì gbẹ, kò sí ohun tó ń ti ògiri láti ìta. Ẹ lè fà á tán lọ́jọ́ kan náà, ó sì dára kí ẹ yára, nítorí láàrin ọjọ́ kan sí méjì ni èébu ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ohun tó tutù.

Ṣé mo lè mọ iye omi tí òjò kan lè gbé wá bá mi kó tó rọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìṣirò rẹ̀ sì dùn: mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan. Ní alẹ́ Ida tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, òjò ìǹṣì 3.15 ló rọ̀ ní wákàtí kan ní Central Park ní New York. Mílímítà 80 nìyẹn. Òrùlé tó fẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin 120 yóò gba lítà 9,600 ní wákàtí náà. Bí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ yín bá ń tú u sí ẹsẹ̀ ògiri, tí gbogbo rẹ̀ sì ráyè wọ yàrá wa, 15 sẹ̀ǹtímítà ni yóò ga nílẹ̀. Ẹ gbé ẹnu ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ jìnnà sí ògiri. Kò sí pọ́ǹpù tó rọjú tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé iléeṣẹ́ adójútòfò máa béèrè iye omi?

Gíga omi ni wọ́n sábà ń béèrè ju iye rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó fọ ohunkóhun, ẹ gbé téèpù lé ìlà tí omi fi sílẹ̀ lára ògiri, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní gbogbo yàrá, kí nọ́ńbà téèpù hàn. Ẹ ya ẹrù náà kí ẹ tó kó o dànù.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ mọ̀ pé adójútòfò ilé lásán kì í sanwó àgbàrá tó wá láti ìta. Ti àgbàrá lọ́tọ̀ ni, ètò ìjọba àpapọ̀ rẹ̀ ti wà láti 1968, ó sì sábà ń gba 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá rà á. Ní bésímẹ́ǹtì, ètò yìí ń sanwó ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru àti páńẹ́ẹ̀lì iná, ṣùgbọ́n kì í san ti àga, aṣọ àti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kó gèlè àti aṣọ òkè pamọ́ síbẹ̀. Ẹ kó wọn gòkè.

Omi ti lọ tán kí n tó dé. Ṣé mo ṣì lè ṣírò rẹ̀?

Ẹ wá ìlà ìdọ̀tí tó ga jù lára ògiri, lẹ́yìn fírísà, lára ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, ẹ lò ó bíi jíjìn. Bí ìlà bá pọ̀, èyí tó ga jù ni ibi tí omi dé nígbà tó le jù. Àwọn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ibi tó ti dúró díẹ̀ nígbà tó ń fà. Ẹ má wọ̀n ọ́n lára kọ́tìnì tàbí páálí. Wọ́n ń fa omi gòkè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo, wọn yóò sì tàn yín jẹ.

Páìpù ló bẹ́. Iye tí mítà omi sọ kò bá ìṣirò mi mu. Èwo ni kí n gbà?

Ẹ kọ́kọ́ wo irú mítà tó jẹ́. Ní Britain, kúbíìkì mítà ló ń kà. Ní Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ gálọ́ọ̀nù tàbí kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà, ìwé owó omi púpọ̀ sì ń ka kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà 100 gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan; ẹyọ yẹn jẹ́ gálọ́ọ̀nù 748. Ẹ yọ iye tí ilé yín sábà ń lò lóòjọ́ kúrò, kí ẹ tó fi wé ti yàrá.

Bí ti mítà bá pọ̀ ju ti yàrá lọ, ká ní mítà sọ pé 19 nígbà tí yàrá sọ pé 15, kúbíìkì mítà mẹ́rin ti bá ojú ihò ilẹ̀ lọ tàbí ó ti wọ inú ògiri àti abẹ́ ilẹ̀. Ẹ wá a. Ògiri tó bá mu lítà 4,000 kò ní gbẹ ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má kun ún.

Bí ti yàrá bá pọ̀ ju ti mítà lọ, tí ẹ sì ti tún jíjìn wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, páìpù yẹn nìkan kọ́ ló ṣe é. Omi mìíràn ń wọlé, láti inú ilẹ̀ tàbí láti páìpù ìdọ̀tí tó ń dà padà. Bó bá ní òórùn, ẹ kà á sí omi ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, ẹ pe púlọ́ńbà kí ẹ tó tan pọ́ǹpù. Bí kò bá ní òórùn, ẹ padà sí ìdánwò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti omi ilé pa láti ìta. Omi tó bá ṣì ń gòkè lẹ́yìn ìyẹn, inú ilẹ̀ ló ti ń wá, ẹsẹ̀ bàtà kan lóòjọ́ ni kí ẹ sì máa fà.